Ẹ Yẹ Èéfín Mọ́tò Yín Wò Nílé Kí VIO Tó Dá Yín Dúró

Ẹ̀fọ́rí ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tí màmá bá ti wọ mọ́tò bàbá mi láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, orí á ti máa fọ́ wọn kí wọ́n tó dé Ìsẹ́yìn. Lásìkò ọyẹ́ ló máa ń le jù. Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, ó ti lọ nìyẹn. Bàbá ní oòrùn ni. Àǹtí mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n mú màmá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ wọn ò ga. Èmi tí mò ń ka kẹ́místrì fún oyè kejì, mo ní bóyá wọn kì í mu omi tó. Ẹ ò rí ọ̀mọ̀wé!

Mọ́tò tí mò ń sọ, Toyota Camry ọdún 1999 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Bàbá fi ń kó èrò, wọ́n sì ń di ẹ̀lùbọ́ àti iṣu sínú bùùtù. Mọ́tò yẹn ló san owó ilé ìwé mi, mi ò lè bú u. Ní Oṣù Kejìlá tí mo wálé, bàbá lọ tún ìwé mọ́tò ṣe ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi padà dé pẹ̀lú ìwé tuntun. Ìwé náà sọ pé mọ́tò yẹ lójú pópó. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé wọ́n yẹ èéfín ẹ̀ wò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èéfín kẹ̀? Ṣé mo sọ fún wọn pé mò ń dáná nínú ẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Wọ́n gba owó, wọ́n tẹ òǹtẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé èmi fúnra mi máa ṣe àyẹ̀wò náà níwájú ilé wa. Ohun tí mo rí ló jẹ́ kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, ẹ má dúró de VIO. Ẹ yẹ èéfín mọ́tò yín wò fúnra yín, kì í ṣe torí kí ẹ lè gba ìwé, torí àwọn tó ń jókòó sínú mọ́tò yẹn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gba ẹnu sáléńsà jáde. Carbon àti hydrogen ló pọ̀ jù nínú bẹntiróò. Tó bá rí afẹ́fẹ́ tó, á jó tán pátápátá, á di carbon dioxide àti omi. Omi ni mo wí o. Lítà bẹntiróò kan tó bá jó tán máa mú nǹkan bíi lítà omi kan jáde, pẹ̀lú carbon dioxide tó wúwo tó kìlógíráàmù 2.3. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń kán lẹ́nu sáléńsà láàárọ̀ kùtù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i, wọ́n sáré lọ bá mẹ́káníìkì pé ẹ́ńjìnnì ti ń mu omi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí epo bí nìyẹn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Gíráàmù epo 1 nílò afẹ́fẹ́ gíráàmù 14.7 kó tó jó dáadáa. Tí afẹ́fẹ́ bá dín, epo tó jó láàbọ̀ máa di carbon monoxide, tí a ó máa pè ní CO. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Tẹ́ ẹ bá fà á símú, ara ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen kiri nínú ẹ̀jẹ̀ yín ló máa lọ lẹ̀ mọ́, ó sì máa lẹ̀ mọ́ ọn ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ wò ó bíi bọ́ọ̀sì ní gáréèjì: àwọn èrò tó sanwó dúró nílẹ̀, àwọn ọmọ ìta ti gba gbogbo àga, wọn ò sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń rìn, àmọ́ kò gbé ẹni tó yẹ kó gbé. Ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, orí á fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, oorun á máa kun èèyàn. Èyí tó bá pọ̀ ń pa èèyàn. Òun náà ni gáàsì tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rídọ̀ sùn.

Gáàsì mìíràn náà wà níbẹ̀. Epo tí kò jó rárá wà, òun lẹ ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn àwọn mọ́tò kan bíi pé ẹ wà ní filling station. Àwọn nitrogen oxide náà wà, tó ń wáyé nígbà tí inú ẹ́ńjìnnì bá gbóná gan-an, ìyẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ṣùgbọ́n CO lọ̀rọ̀ màmá, ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀.

Àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn mọ gbogbo èyí. Wọ́n fi àpótí onírin kan sí ojú ọ̀nà èéfín, òun làwọn mẹ́káníìkì ń pè ní kátálíìsì. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium díẹ̀ pa á lára. CO tó bá wọlé síbẹ̀ máa jáde ní carbon dioxide, epo tí kò jó máa jó níbẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ tó bá tutù o, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 250 sí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Torí náà, ẹni tó bá ń gbé mọ́tò lọ fún àyẹ̀wò èéfín, kó wà á dáadáa fún bíi ogún ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀. Mọ́tò tó tutù máa fìdí rẹmi níbi tí mọ́tò kan náà tó gbóná ti máa yege. Ìyẹn kì í ṣe màgòmágó.

Mo wọ abẹ́ mọ́tò bàbá. Mi ò rí àpótí kankan. Páìpù lásán ni.

Mo lọ bá ọ̀gá mẹ́káníìkì tó ti ń tọ́jú mọ́tò náà láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Mo kí wọn, wọ́n bi mí léèrè ìwé, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà wo ni mo fẹ́ ka ìwé dé. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kátálíìsì mọ́tò bàbá dà?"

"Háà! Ìyẹn ti pẹ́. Ó dí ni, mọ́tò ò lè gun òkè mọ́. A gé e. Bàbá ẹ ló ní ká gé e. Àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló rà á lọ."

Ẹ rí i, mi ò bínú sí wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, lead wà nínú bẹntiróò tiwa, lead sì máa ń ba kátálíìsì jẹ́ ráúráú. Kátálíìsì ò lè pẹ́ lára mọ́tò nígbà yẹn, ẹni tó bá gé e kúrò ò ṣàṣìṣe rárá. Ní Dakar, lọ́dún 2001, làwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ adúláwọ̀ ti fẹnu kò pé kí lead kúrò nínú epo, nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò nínú epo tí wọ́n ń tà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Algeria ló ṣe é kẹ́yìn lágbàáyé, lọ́dún 2021. Ìdí tí wọ́n fi ń gé e ti kú, àṣà gígé e ò kú. Mo sì fura pé owó tí àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń san wà lára ohun tí kò jẹ́ kó kú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kátálíìsì yín ti dí, ẹ bi í léèrè ohun tó dí i. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì tàbí púlọ́ọ̀gì tí kò taná dáadáa ló sábà máa ń dí i. Tẹ́ ẹ bá gé e, tẹ́ ò tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ yọ ìtàkùn, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Ó yá, ká wo ohun tí mo ṣe nílé. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é o, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan mọ́tò sínú gáréèjì tàbí sábẹ́ ilé nítorí àyẹ̀wò, ẹ̀mí lẹ fi ń ṣeré nìyẹn.

Ojú ni mo kọ́kọ́ lò. Mo ní kí àbúrò mi ta mọ́tò láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, mo ń wo àwọ̀ èéfín. Èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jáde, tó sì parẹ́ kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé, ooru omi yẹn náà ni. Èyí tó funfun tó ki, tí kò lọ bí mọ́tò ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí gasket orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Èéfín tó bá ń dán bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, ẹ lọ wo ríìngì àti síìlì fáfù. Dúdú ni epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ti bàbá ò dúdú, kò sì jẹ́ búlúù. Tó bá jẹ́ ojú nìkan ni mo lò, mi ò bá ti ní mọ́tò yẹn pé. Ibi tí mo ti ń bá àwọn tó ń fi ojú yẹ èéfín wò jà nìyẹn. Ohun tó ń pààyàn níbẹ̀, ojú ò lè rí i.

Mo tún fi ìnújú funfun sẹ́nu sáléńsà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú kan. Eruku dúdú díẹ̀ ló wà lára ẹ̀, kò ní ọ́ìlì. Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Púlọ́ọ̀gì tára ẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀. Mẹ́ta rí bẹ́ẹ̀, ìkẹrin dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyẹn nìkan ti sọ nǹkan fún mi.

Lẹ́yìn náà, mo yọ fíltà afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣakí lásìkò ọyẹ́, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ míì wà tí Òkè Aṣàbàrí gan-an kì í hàn dáadáa nítorí eruku. Eruku yẹn kan náà ni mọ́tò ń fà símú. Mo gbé fíltà náà sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kankan ò gba inú ẹ̀ kọjá. Mọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà lè dín epo kù láti bá afẹ́fẹ́ díẹ̀ yẹn mu, ṣùgbọ́n ọ̀kadà àti mọ́tò àtijọ́ tó ń lo kábùrétọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Epo á kàn máa pọ̀ ni, CO á máa pọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn fíltà yín lásìkò ọyẹ́, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Kò wọ́n tó epo tó ń ṣòfò.

Epo gan-an náà ńkọ́? Ọ̀nà tó lọ sí ibodè Benin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, a sì mọ ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí filling station tí kò tó kìlómítà 20 sí ibodè mọ́, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Látìgbà náà, inú kẹ́ẹ̀gì lọ̀pọ̀ èèyàn lápá ibẹ̀ ti ń ra epo. Ẹ kan á epo náà lé orí bébà funfun tó mọ́. Bẹntiróò gidi á fò lọ kíákíá, bébà á gbẹ. Tí wọ́n bá ti da kẹrosíìnì sí i, ojú ibẹ̀ á rí bí ibi tí wọ́n gbé àkàrà lé. Àyẹ̀wò yìí kì í mú gbogbo nǹkan o. Epo tí methanol wà nínú ẹ̀ tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tó ba mọ́tò àwọn èèyàn jẹ́, bébà ò lè mú irú ìyẹn, nítorí methanol náà máa ń fò lọ ni.

Nǹkan tó wá já ọ̀rọ̀ náà síta ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka CO. Ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn ló yá mi, kò tóbi ju fóònù lọ. Mo tan mọ́tò, mo gbé gbogbo wíńdò sókè bí bàbá ṣe máa ń gbé e nítorí eruku, mo fi ẹ̀rọ náà sórí àga ẹ̀yìn, mo jáde, mo tilẹ̀kùn. Mo ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ó wà ní 0. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, 11. Lẹ́yìn mẹ́wàá, 26. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà ń ké, ó kọ 58. Mo gbé e lọ sí àga iwájú, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kọjá 17. Mo gbé e sínú bùùtù, mi ò lè sọ ibi tí ì bá dé torí mo ti paná mọ́tò nígbà tó kọjá 100.

58 yẹn, 58 nínú afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan ni. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ìlànà àjọ WHO ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà ju nǹkan bíi 30 lọ fún wákàtí kan, tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, kó má ju 9 lọ. Láti Ìsẹ́yìn dé Mọ́níyà nìkan, kìlómítà 65 ni, ká má tíì sọ láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn. Àga ẹ̀yìn sì ni màmá máa ń jókòó sí ní gbogbo ìgbà, torí èrò tó sanwó ni bàbá máa ń fún ní iwájú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ọdún mélòó ni? Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ní kí wọ́n mu omi.

Ẹ má ti ẹ̀rọ inú ilé yìí bọ ẹnu sáléńsà o, ẹ máa bà á jẹ́. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 10,000 nínú mílíọ̀nù, àwọn mọ́tò àtijọ́ mìíràn sì ń tú ìdá mẹ́ta, mẹ́rin jáde. Inú mọ́tò, níbi tí imú èèyàn wà, nìkan lẹ̀rọ yìí wúlò sí.

Láti wá ibi tó ti ń jò, mo dúró kí páìpù tutù, mo wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ lára. Àbúrò mi ta mọ́tò, ó fi aṣọ tó nípọn tẹ ẹnu sáléńsà díẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í ru ní ibi tí wọ́n ti jó páìpù mọ́ra lábẹ́ àga ẹ̀yìn gan-an. Ojú ibi tí wọ́n ti gé kátálíìsì nìyẹn. Rọ́bà etí bùùtù náà ti gé, èéfín tó bá sì jáde lẹ́yìn mọ́tò tó ń sáré máa ń yí padà wọlé síbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, wẹ́dà jó o pa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ra rọ́bà tuntun, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti fíltà. Gbogbo owó náà ò tó owó epo tí bàbá ń dà sínú mọ́tò láti lọ Ìbàdàn kí wọ́n sì padà. Mo tún gbé ẹ̀rọ náà sórí àga ẹ̀yìn fún ogún ìṣẹ́jú. 3.

Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 síwájú tún lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ síárìn, tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo kì í sí ti bàbá, ó kọ P0420, tó túmọ̀ sí pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ti ń pariwo láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e, wọ́n wá fi téèpù dúdú lẹ iná ẹ̀ pa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ní báyìí, àwọn kan máa sọ pé ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Kì í ṣe pé òfin ò sí. Àjọ NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, ti ní òfin lórí èéfín mọ́tò bẹntiróò àti ti dísù láti ọdún 2011. ECOWAS náà fẹnu kò lọ́dún 2020 pé kí mọ́tò tí wọ́n bá ń kó wọlé dé ìwọ̀n Euro 4, kí sulphur inú epo má sì ju 50 nínú mílíọ̀nù lọ. Ìwé pọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín ni mi ò rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní yàrá ìwádìí ní kí wọ́n kàn gba gbogbo mọ́tò àtijọ́ kúrò lójú títì. Mo ní, ìwọ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn lo ń sọ ìyẹn. Ta ló máa gbé iṣu kúrò ní Ṣakí? Láàárín ọdún 2015 sí 2018, àjọ UNEP kà á pé mọ́tò àlòkù mílíọ̀nù 14 ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó jáde, ilẹ̀ adúláwọ̀ ló sì gba nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìjọba Netherlands yẹ àwọn tí wọ́n ń kó gba etíkun tiwọn wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìwé àyẹ̀wò wọn ti kú kí wọ́n tó gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí wọ́n ta fún wa la ń wà. Mi ò fara mọ́ ọn kí bàbá mi máa sanwó ìtanràn fún ohun tí kátálíìsì ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kú kó tó sọdá òkun.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún 1960 ni àyẹ̀wò mọ́tò tí wọ́n ń pè ní MOT bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọdún 1991 ni wọ́n tó fi èéfín bẹntiróò kún un. Títí dòní, òṣùwọ̀n mọ́tò àtijọ́ yàtọ̀ sí ti tuntun. Èyí tó kọ́kọ́ dé ojú títì láàárín Oṣù Kẹjọ ọdún 1986 sí Oṣù Keje ọdún 1992, wọ́n gbà á láyè kí CO ẹ̀ dé ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ní kátálíìsì ò gbọ́dọ̀ ju 0.2 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá. Arúgbó ò bá ọmọdé sáré ìje. Ohun tí wọ́n ń bi arúgbó ni pé, ṣé ara ẹ dá tó bó ṣe yẹ kó dá lọ́jọ́ orí ẹ? Irú àyẹ̀wò tí mo fẹ́ fún Òkè-Ògùn nìyẹn, mi ò sì rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn VIO ló máa kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn mẹ́káníìkì ń dá àjọ. Wọ́n fi àjọ ra ilẹ̀, wọ́n fi ń sìnkú, wọ́n fi ń gbé ara wọn níyàwó. Kí ni kò jẹ́ kí àjọ kan ra ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì ẹnu sáléńsà, kí ó wà ní ojú kan, kí ẹni tó bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán gbé e lọ síbẹ̀, kó sanwó díẹ̀, kó gba bébà? Politẹ́kíníìkì wà ní Ṣakí níbí. Àwọn ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ lè máa bójú tó o, kí wọ́n máa yẹ bó ṣe ń kàwé sí wò. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mẹ́káníìkì wa, wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí, wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò ní máa sọ pé iṣẹ́ wa ò dáa?" Ìbéèrè gidi ni. Mo ní, "Sà, ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún lè sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ yín dáa, nígbà tí kò bá fẹ́ san owó yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú ẹ̀rọ kékeré náà wá, bọ́ọ̀sì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn èrò ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń bì.

Bọ́ọ̀sì yẹn kọ 91.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wẹ́dà jó páìpù wa, màmá bá bàbá lọ sí Ìbàdàn. Àga ẹ̀yìn náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n gbé wíńdò sókè nítorí eruku. Mo pè wọ́n nígbà tí wọ́n dé Mọ́níyà, mo bi wọ́n léèrè orí. Wọ́n ní, "Orí kẹ̀? Ebi ló ń pa mí." Ọ̀rẹ́ mi ti ń béèrè ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé màá dá a padà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì mẹ́rin mìíràn ti forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá.